Láptọ́ọ̀pù iṣẹ́ tuntun nínú páálí: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ògbufọ̀ Bódìjà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi owó gidi ra láptọ́ọ̀pù tuntun fún iṣẹ́ yín tó sì dá yín lágara, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síbí. Èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ìwé ni mo ń túmọ̀ jẹun ní Ìbàdàn. Tòkunbọ̀ tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ ti ń kú sí mi lọ́wọ́, mo wá ní lọ́tẹ̀ yìí, tuntun ni mo máa rà, kò sì ní jẹ́ irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń wo fíìmù. Irú tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ilé iṣẹ́ ni mo rà: ara rẹ̀ le, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ dùn ún tẹ̀, wọ́n sì ní kò ní tètè bàjẹ́. Owó rẹ̀ kò ṣeé dárúkọ níwájú ìyá mi.

Kò pẹ́ tí mo gbé e délé tí ìyọnu bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti ki ṣájà bọ iná, ọfà ojú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fò kiri, á máa lọ síbi tí n kò rán an. Tí mo bá gbé ọwọ́ lé e níbi tí ọwọ́ ti ń sinmi, ó ń rìn mí bí ìgbà tí èèrà bá ń gba abẹ́ awọ lọ. Mo yọ ṣájà, gbogbo rẹ̀ dáwọ́ dúró. Mo tún ki í padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, igun òsì ibi tí a ń fi ìka fà, ìyẹn touchpad, kì í dáhùn tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ṣájà ì báà wà níbẹ̀, ì báà má sí.

Mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ki ṣájà bọ ihò iná tiwọn, ó fi ọwọ́ pa ẹ̀rọ náà lára síwá sẹ́yìn, ó ní, "Mà, kò sí nǹkan tó ṣe é." Níṣojú mi lóòótọ́, ọfà ò fò, ara ò rìn mí. Igun òsì tí mo ní kó tẹ̀ wò, ó fojú fò ó. Ó ní iná ilé mi ló lárùn. Mo bínú jáde.

Àmọ́ nígbà tí inú mi rọ̀, mo pe oníná wá. Ó tú ihò iná yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó ní kí n wá fojú ara mi wò ó. Ihò mẹ́ta ló wà níwájú, wáyà méjì péré ló wà lẹ́yìn. Wáyà kẹta, èyí tí àwọn oníná ń pè ní earth, ẹni tó fa iná ilé náà ò fà á débẹ̀ rárá. Bí gbogbo ilé ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ri ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, wọ́n fa wáyà láti ibẹ̀ wọlé. Láti ìgbà náà, ara ò rìn mí mọ́, ọfà sì ń jókòó síbi tí mo bá fi í sí.

Ṣé ọmọkùnrin yẹn wá jàre nìyẹn? Kò jàre ju ìdajì lọ. Igun òsì ò tíì dáhùn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ọ̀rọ̀ iná ilé mi ni wọ́n sì fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ kan ló ní àìsàn méjì: ọ̀kan wá láti ilé mi, ọ̀kan bá a wá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ wo rìsíìtì mi, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sísàlẹ̀ rẹ̀ pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Ta ló ti bá irú èyí pàdé?

Ẹnjiníà Òtìgbà

Mà, ẹ kú ìnáwó. Oníná yín mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń gbé láptọ́ọ̀pù wá sí ìsọ̀ wa ní Ìkẹjà pé "ó ń gbé mi níná" pọ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ̀rọ wọn ò sì ní nǹkan kan.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Nínú ṣájà, ohun kékeré kan wà tó so apá tí iná ìta ń gbà wọlé pọ̀ mọ́ apá tó ń lọ sínú láptọ́ọ̀pù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa ariwo iná kí ó má bàa máa da rédíò àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn láàmú. Iná bíńtín máa ń yọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Tí earth bá wà, ilẹ̀ ló ń gbé e mì. Tí kò bá sí, á dúró sára irin láptọ́ọ̀pù, á sì bọ́ sí yín lọ́wọ́. Ó kéré jù láti pani tí ṣájà bá jẹ́ ojúlówó. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ń fi ìka fà yẹn, bí ìka ṣe ń da iná bíńtín tó wà lójú rẹ̀ rú ló fi ń mọ ibi tí ìka wà. Tí iná mìíràn bá dà á láàmú, orí rẹ̀ á dàrú, ọfà á máa fò. Àwọn tó ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ kẹta kúrò lára ṣájà kí ó lè wọ ihò méjì, irú rẹ̀ ni wọ́n ń fọwọ́ ara wọn fà.

Ti igun òsì, ẹ yọ ṣájà kúrò pátápátá, kí ẹ̀rọ máa lo bátìrì nìkan, kí ẹ wá fi fóònù ya fídíò bí igun náà ṣe kọ̀ tí kò dáhùn. Ẹnikẹ́ni ò tún lè dárúkọ iná ilé yín mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀rọ iṣẹ́ sì máa ń ní ìdánwò tirẹ̀ nínú, kí Windows tó dìde. Lára Latitude ti Dell, ẹ máa tẹ F12 bí ẹ ṣe ń tàn án, kí ẹ mú Diagnostics. Lára EliteBook ti HP, F2 ni. Tó bá rí àbùkù, á kọ nọ́ńbà kan sójú. Ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà fúnra wọn. Ẹ fi ọmọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí a sì ti ń sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ "tuntun" yìí, torí ó ń dùn mí. Tuntun kan wà, tuntun kan sì wà. Àwọn kan mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rá tuntun dì páálí àtijọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà serial tó wà lára páálí, èyí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ, àti èyí tó wà nínú BIOS, ìyẹn ètò inú ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dìde. Ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jẹ́. Ẹ tẹ nọ́ńbà náà sórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ óò rí ọjọ́ tí wọ́ráǹtì bẹ̀rẹ̀ àti orílẹ̀-èdè tí ó wà fún. Ẹ̀rọ tó gba Dubai wọlé lè ní wọ́ráǹtì tí kò dé ọ̀dọ̀ wa níbí.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Command Prompt, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Ìwé kan á jáde tí ẹ lè fi Chrome ṣí. Ẹ wo design capacity, ìyẹn iye iná tí wọ́n ṣe bátìrì náà láti gbà, ẹ fi full charge capacity, iye tó ń gbà báyìí, wé e. Nínú ẹ̀rọ tuntun, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Cycle count ló ń sọ iye ìgbà tí wọ́n ti lo bátìrì náà láti kíkún dé gbígbẹ. Tí ẹ bá bá 200 níbẹ̀, ẹnì kan ti fi ẹ̀rọ yẹn jẹun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ̀rọ mìíràn kì í kọ cycle count, àwọn nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ gbára lé.

Paríparì rẹ̀, ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì nínú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó parí ètò àkọ́kọ́ lójú yín. Tó bá gbé orúkọ ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun jáde, tó ní kí ẹ fi ímeèlì ibẹ̀ wọlé, ẹ gbé e fún wọn, ẹ máa lọ. Ẹ̀rọ náà ṣì ní olówó.

Tíṣà Àkúrẹ́

Ẹnjiníà, a dúpẹ́. Tèmi náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ń fi ìka fà, ṣùgbọ́n ibi tó parí sí yàtọ̀.

Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Ẹgbẹ́ ló ra láptọ́ọ̀pù náà, orí tábìlì ló ń gbé ní ọ́fíìsì, ṣájà rẹ̀ wà lójú ìnfátà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Yàrá náà gbóná, fèrèsé kan ló ní. Nígbà tó ṣe, ibi tí a ń tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le, ìka ò lè tẹ̀ ẹ́ wọlé mọ́. Gbogbo wa rò pé eruku ni. Ní ọjọ́ kan akápò gbé e kalẹ̀, ó ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ lórí tábìlì tó tẹ́jú. A yí i dà, ikùn rẹ̀ ti yọ síta.

Bátìrì ló wú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní FUTA ló kígbe pé kí á pa á, kí á yọ ṣájà, kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan ṣóṣóró kàn án. Bátìrì lithium tó bá wú, afẹ́fẹ́ tó lè gbiná ló kún inú rẹ̀. Akápò ti mú ọ̀bẹ lọ́wọ́ ná, ó ní òun fẹ́ "fẹ́ ẹ sílẹ̀ díẹ̀". Ọlọ́run ló yọ wá.

Wàhálà wọ́ráǹtì ló wá kàn. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n kọ fún wa lórí ẹ̀rọ. Nígbà tí a pè wọ́n, wọ́n ní ẹ̀rọ ló ní ọdún mẹ́ta, ọdún kan péré ni bátìrì ní. A ka ìwé náà wò, bó ṣe wà nìyẹn, ní lẹ́tà tó kéré bí ìdin. Orí bá wa ṣe é, ọdún kan náà ò tíì pé. Wọ́n ní kí á fi ránṣẹ́ sí Èkó. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé ẹrù kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní bátìrì tó ti bàjẹ́ kò gbọdọ̀ wọ bàálù, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Mọ́tò ló gbé e lọ, èmi sì ni mo gbé e lẹ́sẹ̀ dé Ìkẹjà, mi ò fi sábẹ́ àga rárá.

Wọ́n pààrọ̀ bátìrì, wọn ò gba kọ́bọ̀. Obìnrin tó dá wa lóhùn níbẹ̀ fi ibi kan hàn mí nínú ẹ̀rọ tí a lè ti sọ fún bátìrì pé kó má kún ju 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ojú iná ló ń gbé. Ẹ bá mi bi wọ́n, kí ló dé tí wọn kì í kọ irú èyí sára páálí?

Lọ́yà tí ò gba owó

Ògbufọ̀, ìwé "a kì í gbà á padà" tó wà nísàlẹ̀ rìsíìtì yín ò pa òfin rẹ́ o. Òfin FCCPA ti ọdún 2018, òfin Nàìjíríà tó ń dáàbò bo oníbàárà, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ lórí ọjà tó lábùkù, olùtajà ò sì lè fi rìsíìtì gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ má kàn pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ so fídíò tí Ẹnjiníà ní kí ẹ yà mọ́ ọn. Tí wọ́n bá dákẹ́, ọ̀dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń mú òfin yẹn ṣẹ, ló kàn. Lẹ́tà nìkan máa ń mú kí ọ̀pọ̀ wọn rántí pé àwọn ní ọ̀gá.

Àǹtí Peckham

Ẹ kú alẹ́ láti London o. Lọ́yà, ẹ bá wa wo ti ìhín náà, torí èmi rò pé mo mọ òfin ni.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ń ṣe, mo ní àwọn òṣìṣẹ́ tí mo ń san owó fún lóṣooṣù. Láptọ́ọ̀pù tuntun tí mo rà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ojú rẹ̀ á mọ́lẹ̀, á ṣú, kí oṣù kan tó pé. Gbogbo ayé níbí ló mọ̀ pé Consumer Rights Act 2015 fún èèyàn ní ọjọ́ 30 láti dá ọjà tó lábùkù padà kó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Mo pè wọ́n pẹ̀lú ìgboyà. Ọmọbìnrin náà fi pẹ̀lẹ́tù bi mí pé, "Orúkọ ta ló wà lórí rìsíìtì?" Orúkọ kọ́ńpìnì mi ni, torí owó orí. Ó ní òfin yẹn, ti ẹni tó rajà fún ara rẹ̀ ni, kì í ṣe ti iṣẹ́ òwò. Mo lọ kà á, òótọ́ ló sọ. Ti òwò sí òwò, òfin àtijọ́ ti ọdún 1979 ló dì í mú, àdéhùn tí ẹ̀yin méjèèjì bá sì jọ ṣe wúwo gan-an níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi orúkọ kọ́ńpìnì rajà nílùú ọba, ẹ fi sọ́kàn.

Ohun tó gbà mí ni pé mo ti sanwó pé kí wọ́n máa wá tún un ṣe nílé mi, ní ọjọ́ iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ tí mo pè. Ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀rọ náà kú pátápátá. Kò ṣẹ́jú mọ́, kò tàn, iná kékeré kan ló ń ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo pè, wọ́n ní ọ̀la kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́, Ọjọ́ Àìkú kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́, Ọjọ́ Ajé sì jẹ́ ìsinmi ìjọba. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Owó oṣù àwọn èèyàn wà nínú rẹ̀! Mo fi fóònù san àwọn tí mo rántí iye owó wọn, mo bẹ àwọn tó kù.

Ọkùnrin kan dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú àpò irinṣẹ́. Ọ̀wọ̀ wà fún un, ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó pààrọ̀ pátákó inú rẹ̀ gan-an, ìyẹn motherboard, ó tàn án, ó tàn. Inú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dùn ni ojú rẹ̀ di búlúù, ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ BitLocker wá, ètò Windows tó ń ti gbogbo ohun inú ẹ̀rọ pa. Nọ́ńbà 48 ni. Ọkùnrin náà ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ohun tó ń dá ẹ̀rọ mọ̀ wà lára pátákó tí òun yọ kúrò, ẹ̀rọ náà wá rò pé olè ló gbé òun. Tí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá sọnù, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ nìyẹn, àní àwọn tó ṣe é ò lè ṣí i.

Mo fi fóònù wọ àkáǹtì Microsoft mi, mo bá a níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé. Mo ń ka nọ́ńbà, ọkùnrin náà ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wo tiyín lálẹ́ òní, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ sábà máa ń wà ní títì bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ẹ kú o, láti Porto-Novo. Ọ̀rọ̀ earth tí ẹ ń sọ yìí, àwa tí a ń rajà ní Èkó tí a ń lò ó ní Benin mọ̀ ọ́n dáadáa. Orí ṣájà Nàìjíríà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun bíi ti ìlú ọba. Ihò iná tiwa jẹ́ roboto bíi ti Faransé. Àwọn ohun tí wọ́n fi ń so méjèèjì pọ̀ lọ́jà, olówó pọ́ọ́kú, púpọ̀ nínú wọn ò ní ojú kẹta rárá. Ara á sì máa rìn ọ́. Mo ra wáyà ṣájà tó ní orí tiwa, apá tó ń wọ ihò iná nìkan ni mo pààrọ̀, ṣájà fúnra rẹ̀ ò yí padà. Ó tán.

Kíbọ́ọ̀dù ni tèmi gan-an. Bọ́tìnnì Alt ọ̀tún kú. Ẹni tó ń kọ Faransé nìkan lè rọ́jú, àmọ́ òun ni mo fi ń fi àmì sí Yorùbá, òun náà ni mo fi ń rí @ lórí kíbọ́ọ̀dù AZERTY, èyí tí wọ́n to lẹ́tà rẹ̀ bíi ti Faransé. N kò lè kọ ímeèlì tán láìlọ dà á kọ láti ibòmíràn. Wọ́ráǹtì gbà, ṣùgbọ́n AZERTY ò sí ní ilé ìtajà wọn ní Cotonou, wọ́n ní kí n gba QWERTY, ìyẹn ti Gẹ̀ẹ́sì, tàbí kí n dúró. Mo dúró. Nígbà tó dé, mo rò pé kíbọ́ọ̀dù nìkan ni wọ́n á yọ. Wọ́n ní wọ́n ti kàn án mọ́ ojú òkè ẹ̀rọ ni, odidi ojú òkè ni kí wọ́n pààrọ̀. Ti ẹ̀rọ àtijọ́ mi, ìṣó kéékèèké mélòó kan lèèyàn ń tú, tó bá dalẹ́ ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Kí wọ́ráǹtì mi tó tán, n ó ta á.

Akẹ́kọ̀ọ́ Unilag

Ẹ jọ̀ọ́, Ẹnjiníà, tèmi ń gbóná nínú báàgì. Mo máa ń pa á dé kí n tó wọ dánfó, tí mo bá fi máa dé Yábà, ó ti gbóná bí àdògán, bátìrì ti fẹ́ tán. Ṣé fáànù ló bàjẹ́ ni, sà? Tuntun ni o.

Ẹnjiníà Òtìgbà

Àbúrò, fáànù kọ́. Tí o bá pa á dé, kò sùn tán. Àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí máa ń fi ojú kan ṣọ́nà kí wọ́n lè máa gba ímeèlì, kí Windows sì lè máa ṣe àtúnṣe rẹ̀. Ṣí Command Prompt, tẹ powercfg /a. Tí o bá rí S0 Low Power Idle nínú àwọn tó wà, irú rẹ̀ ni tìrẹ. Lọ sí Control Panel, Power Options, ibi tí wọ́n ti ń yan ohun tí ìdérí máa ṣe, kí o mú Hibernate, èyí tó ń sùn pátápátá, dípò Sleep. Tí Hibernate ò bá sí níbẹ̀, tẹ powercfg /hibernate on lákọ̀ọ́kọ́, kí o sì fi agbára administrator ṣí Command Prompt náà. Yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó jí, ṣùgbọ́n kò ní jẹ bátìrì nínú báàgì. Tí o bá ti ṣe gbogbo ìyẹn tó ṣì gbóná, gbé e wá pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u lójú ọ̀nà. Ìṣó tí wọ́n bá ti tú níta lè di àwáwí tí wọ́n á fi já wọ́ráǹtì mọ́ ọ lọ́wọ́.